Kíráńkì Honda CG125 tó ti nọ́ọ̀kì: èwo lẹ lè ṣe nílé, èwo ló yẹ kẹ́ ẹ gbé jáde?

Òǹkàwé wa kan láti Òṣogbo ló kọ̀wé pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Alùpùpù Honda CG125 kan wà nílé wa tí bàbá mi fi ṣe iṣẹ́ tíṣà káàkiri abúlé. Bàbá ti di olóògbé, mi ò sì fẹ́ ta á. Ó dúró sí ẹ̀yìnkùlé fún bí ọdún méjì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Ní báyìí, ó ń dún gọ̀-gọ̀-gọ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì àdúgbò ní kíráńkì ti nọ́ọ̀kì, kí n lọ ra odidi ẹ́ńjìnnì Ṣáínà. Ẹlòmíràn ní kí n gbé e fún àwọn tó ń gíráìńdì kíráńkì mọ́tò. Ẹnì kẹta ní òun á fi òòlù yọ píìnì, òun á fi tuntun sí i, òun á sì wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kó má baà yọ mọ́ láé. Mo ti wo fídíò òyìnbó kan tó fi sípánà àti òòlù tún tirẹ̀ ṣe nínú gáréèjì. Mo ní fáìsì, mo ráyè, ọwọ́ mi sì mọ iṣẹ́ irin díẹ̀. Ṣé mo lè ṣe é fúnra mi nílé?"

Ẹ kú àfẹ́kù bàbá, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ohun tẹ́ ẹ béèrè yìí, ìbéèrè méjì ni mo gbọ́ nínú rẹ̀: ṣé kíráńkì yẹn, irin ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń yí bí písítìn ṣe ń lọ bọ̀, ṣe é tún ṣe rárá, àti pé ṣé inú ilé yín lẹ ti lè tún un ṣe. Ó ṣe é tún ṣe, àfi tí ojú ihò tí píìnì, irin róbótó tó so apá kíráńkì méjèèjì pọ̀, jókòó sí bá ti bàjẹ́. Nílé ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ṣe é ṣe nílé, ṣùgbọ́n títẹ píìnì jáde, títẹ̀ ẹ́ padà, àti títọ́ kíráńkì kí apá rẹ̀ méjèèjì wà lójú ìlà kan náà, fáìsì àti òòlù ò tó o. Apá yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ gbé jáde, kẹ́ ẹ sì dúró ti ẹni tó ń ṣe é. Ìbéèrè kẹta wà tẹ́ ò bi mí, òun ló sì gbà mí lọ́kàn jù: kí ló pa béárìn tó wà láàárín píìnì àti kọ́ńrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìn mọ́ kíráńkì? Bí a ò bá wá a rí, ohun kan náà ló máa pa tuntun tẹ́ ẹ fẹ́ fi síbẹ̀.

Ìdí tí ìmọ̀ràn àwọn èèyàn fi ta kora ni pé oríṣi kíráńkì mẹ́ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí láì mọ̀. Ti mọ́tò jẹ́ irin kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kọ́ńrọ́ọ̀dù rẹ̀ ní ìdérí tí wọ́n fi bóòtù dè, béárìn pẹlẹbẹ tí wọ́n là sí méjì ló sì wà nínú rẹ̀. Bí ojú irin náà bá jẹ, wọ́n á gíráìńdì rẹ̀ kó kéré sí i, bóyá ní 0.25 mm tàbí 0.50 mm, wọ́n á ra béárìn tó nípọn tó ohun tí wọ́n gé kúrò, iṣẹ́ parí. Alùpùpù Triumph oní-sílíńdà-méjì ayé àtijọ́ náà lo irú béárìn bẹ́ẹ̀. Oríṣi kejì ni ti Royal Enfield Bullet, tí wọ́n ń ṣe ní Redditch nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ ní Madras ní 1955. Àwo irin ńlá méjì ni kíráńkì Bullet àtijọ́, píìnì tó so wọ́n pọ̀ sì ní nọ́ọ̀tì gìrìwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹni tó ní sípánà tó gùn dáadáa lè tú u palẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Mo fura pé irú èyí lẹ rí nínú fídíò, nítorí ẹ dárúkọ sípánà.

Tiyín ni oríṣi kẹta. Àwo irin méjì ni òun náà, ṣùgbọ́n píìnì tó so wọ́n pọ̀ kò ní nọ́ọ̀tì, kò ní bóòtù, kò ní kọ́kọ́rọ́. Fífún nìkan ló mú un dúró: wọ́n ṣe píìnì náà kó tóbi díẹ̀ ju ihò lọ, wọ́n wá fi agbára préèsì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ irin, tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kọ́ńrọ́ọ̀dù rẹ̀ ò ní ìdérí tí a lè tú, òrùka gbáko ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, béárìn abẹ́rẹ́ ló sì wà láàárín òun àti píìnì. Nítorí náà, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ gíráìńdì níbẹ̀. Bí ẹ bá gé ojú píìnì náà, ẹ ò ní rí abẹ́rẹ́ tó sanra jù tó máa dí àlàfo rẹ̀, ẹ sì ti ha awọ líle tó wà lójú irin náà kúrò. Ọ̀nà mọ́tò ni ẹni kejì ń júwe fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ohun tó pa béárìn fara pamọ́ sí. Ní 1976 tí Honda gbé CG125 jáde, àwọn orílẹ̀-èdè tí alùpùpù ti jẹ́ ohun èlò iṣẹ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, níbi tí eruku pọ̀ sí, tí ẹrù wúwo, tí ó sì ń pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lo púṣìrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó ń ti fáfù ṣí, tí wọ́n fi jíà yí káàmù, irin tó ń ti ọ̀pá náà, tí wọn ò fi ṣéènì sínú rẹ̀ tó máa ń tú. Lọ́dún 1976 yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Manaus lórílẹ̀-èdè Brazil, Pelé ló sì bá wọn polówó rẹ̀. Sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní 56.5 mm, písítìn rẹ̀ ń rìn 49.5 mm láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìyẹn ló fún un ní 124 cc. Ẹ̀rọ onísùúrù ni. Bí irú rẹ̀ bá wá nọ́ọ̀kì, ó ti fara da nǹkan púpọ̀ kó tó pariwo.

Kò sí fílítà bébà nínú rẹ̀. Asẹ́ wáyà kan ló wà nísàlẹ̀ fún ìdọ̀tí tó tóbi. Ìdọ̀tí kéékèèké, ìkòkò róbóróbó kan tó wà lórí kíráńkì lápá ọ̀tún ló ń mú un. Bí ìkòkò náà ṣe ń bá kíráńkì yí ló ń ju ìdọ̀tí inú ọ́ìlì mọ́ ara ògiri rẹ̀, ọ́ìlì tó mọ́ á wá gba àárín kíráńkì wọ inú píìnì lọ, á sì jáde sára béárìn abẹ́rẹ́. Ètò tó gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣí ìkòkò náà lóòrèkóòrè kó fọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ò ṣí i rí, wọ́n kàn ń fa ọ́ìlì nísàlẹ̀, wọ́n ń da tuntun sí i lókè. Nígbà tí ẹrọ̀fọ̀ dúdú yẹn bá kún ìkòkò tán, kò sáyè fún ìdọ̀tí tuntun mọ́, tààrà ló ń lọ bá béárìn kọ́ńrọ́ọ̀dù. Bẹ́ ẹ bá tú kọ́bà ọ̀tún, ìkòkò yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ohun tẹ́ ẹ bá bá nínú rẹ̀ á sọ bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀rọ náà sí fún yín ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè rántí lọ.

Ohun kejì tí mo fura sí ni ọdún méjì tó fi dúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá dúró pẹ́, ọ́ìlì á sàn kúrò lára béárìn, òógùn inú rẹ̀ á fi ìpẹtà sí ojú píìnì níbi tí abẹ́rẹ́ fara tì í. Ìpẹtà náà lè má ju ìlà tín-ín-rín lọ. Àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, abẹ́rẹ́ á máa gba orí ihò wẹ́wẹ́ yẹn kọjá, awọ líle ojú irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, bí awọ ògiri tí omi ti wọ̀. Àwọn ohun tó kù ẹ mọ̀ wọ́n: ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wò, ayédèrú ọ́ìlì tí wọ́n rọ sínú ike olórúkọ, fílítà afẹ́fẹ́ tó ya, àti àṣà fífi jíà gíga gun òkè pẹ̀lú ẹrù kí epo má baà jẹ owó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ń dùn mí nítorí pé àwọn tó ń ṣe é rò pé àwọn ń tọ́jú ẹ̀rọ ni. Ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n lábẹ́ ẹrù ní eré kékeré ń na béárìn yẹn ju èyí tó ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ.

Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé kíráńkì ló ń ké. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti tú dé ìsàlẹ̀ nítorí tápẹ́ẹ̀tì lásán, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ti fáfù lókè ẹ́ńjìnnì. Ariwo tápẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́, òkè ló ti ń wá. Àlàfo rẹ̀ lórí CG125 jẹ́ 0.08 mm fún fáfù méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Písítìn tí sílíńdà ti fẹ̀ mọ́ lára máa ń ké láàárọ̀, á sì rọlẹ̀ bí iná bá wọ ẹ́ńjìnnì lára. Píìnì písítìn máa ń kan ní méjì-méjì, ohùn rẹ̀ sì mú. Nọ́ọ̀tì fìláíwíìlì, àgbá irin tó ń bá kíráńkì yí, tó bá tú lè dún gẹ́lẹ́ bíi kíráńkì tó ti kú, ẹ kọ́kọ́ wò ó, kò gbà yín lákòókò. Béárìn ńlá méjì tí kíráńkì jókòó lé kì í kan, ṣe ni wọ́n ń hùn. Ti ìsàlẹ̀ kọ́ńrọ́ọ̀dù ló jinlẹ̀, gọ̀-gọ̀-gọ̀ bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, ó ń le sí i bẹ́ ẹ bá fún un níná lábẹ́ ẹrù, bí ọ́ìlì bá sì ti gbóná tó fẹ́lẹ́, ó tún ń burú sí i.

Ìdánwò kan wà tó ń parí àríyànjiyàn, kò sì gba kẹ́ ẹ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kúrò lára alùpùpù. Ẹ fa ọ́ìlì sínú abọ́ funfun, ẹ fi òòfà wá inú rẹ̀. Èérún tí òòfà bá gbé, irin líle ni, láti ara béárìn tàbí jíà. Èyí tó ń dán tí òòfà ò gbé, álúmíníọ̀mù ni, láti ara písítìn tàbí ilé ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà, ẹ tú tọ́ọ̀pù sílíńdà, ẹ fa sílíńdà jáde, ẹ yọ písítìn, ẹ fi aṣọ mímọ́ dí ẹnu ihò kí nǹkan má baà já sí i. Ẹ fi kẹrosíìnì ṣan ìsàlẹ̀ kọ́ńrọ́ọ̀dù, nítorí ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ lè bo àlàfo mọ́lẹ̀. Ẹ yí kíráńkì títí kọ́ńrọ́ọ̀dù á fi dé òkè pátápátá, ẹ dì í mú, ẹ gbé e sókè, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní tààrà. Bí ọwọ́ yín bá gbọ́ ọ tó kan, bó ti wù kó kéré mọ, béárìn ti lọ. Ibi tí ààlà wà lórí irú ẹ̀rọ yìí kò ju 0.05 mm lọ, ìka ènìyàn sì ń gbọ́ ìyẹn. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á mi kọ́ńrọ́ọ̀dù sọ́tùn-ún sósì, wọ́n á rí i pé ó ń rìn, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Ó gbọ́dọ̀ rìn sọ́tùn-ún sósì. Ààyè ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ọ́ìlì ń gbà jáde, èyí tí kò bá ní in rárá ló yẹ kó bà yín lẹ́rù.

Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ tí béárìn náà ń ṣe. Ká ní písítìn àti ohun tó ń bá a lọ bọ̀ wọn 200 g, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìgbà 100 ni písítìn ń dé òkè nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú 49.5 mm tó ń rìn, agbára tó fi ń fa píìnì níbi tó ti ń yí padà lókè sún mọ́ 250 kg. Ìyẹn jẹ́ ti wúwo písítìn nìkan, a ò tíì fi títì tí iná ń tì í wálẹ̀ kún un. Ẹ wá fojú inú wo píìnì tí wọ́n fi òòlù gbá wọlé, tó sì wọ́ díẹ̀.

Ìyẹn gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta tẹ́ ẹ dárúkọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá fi òòlù lu píìnì jáde, àwo á tẹ̀, ojú ihò á sì ha. Ihò tó ti ha kò lè fún píìnì tuntun mọ́, ohun tó sì fà á tí wọ́n fi ń sáré wá ẹni tó máa wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nìyẹn. Wẹ́ẹ̀dì ń fa irin bó ṣe ń tutù, á fa àwo méjèèjì kúrò lójú ìlà, iná rẹ̀ á sì pa líle tó wà lára píìnì. Lóòótọ́, àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ìdíje máa ń kán wẹ́ẹ̀dì díẹ̀ sí orí píìnì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí píìnì ti fún dáadáa, tí wọ́n sì ti tọ́ kíráńkì tán ni wọ́n ń ṣe é, kó má baà yí nígbà tí agbára bá pọ̀ jù. Wọn kì í fi ṣe àwáwí fún ihò tó ti fẹ̀. Alùpùpù bàbá yín ò sì ní agbára tó lè yí píìnì tó jókòó dáadáa.

Ní ti ọ̀nà tó wà níwájú yín, ẹ́ńjìnnì Ṣáínà tí mẹkáníìkì yín dábàá kì í ṣe ìmọ̀ràn òmùgọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwòkọ CG yìí kan náà ni, wọ́n máa ń wọ inú férémù náà pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀, bó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀kadà lẹ fẹ́ fi ṣe lọ́la, èmi fúnra mi á ní kẹ́ ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ ò fẹ́ ta alùpùpù bàbá. Ẹ́ńjìnnì tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ara ohun tẹ́ ẹ fẹ́ pa mọ́. Ọ̀nà kejì ni kẹ́ ẹ ra odidi kíráńkì tuntun tí wọ́n ti tẹ̀ pọ̀, ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì, Nnewi ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti ń wá. Òun ló yá jù. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ ò mọ irú irin tó wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í sì í wà lójú ìlà láti inú páálí. Ẹ gbé tàtijọ́ dání lọ sọ́jà, ẹ fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: gígùn, ìwọ̀n ibi tí béárìn jókòó sí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibi tí fìláíwíìlì ń wọ̀, eyín jíà. Ọ̀rọ̀ "CG ni" láti ẹnu ọlọ́jà ò tó. Kíráńkì tòkunbọ̀ ni mi ò ní dá lábàá, nítorí kò sẹ́ni tó máa yọ kíráńkì tó dára lára ẹ́ńjìnnì tó dára láti wá tà á fún yín.

Ọ̀nà tí èmi yàn fún yín ni kẹ́ ẹ fi àwo àtijọ́ yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ ra kọ́ńrọ́ọ̀dù, píìnì, béárìn abẹ́rẹ́ àti wáṣà rẹ̀ pa pọ̀, kí tọ́nà, oníṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, tó ní préèsì àti ẹ̀rọ léètì wá tẹ̀ wọ́n pọ̀. Irin tí Honda fi ṣe àwo yẹn dára, kò sí ìdí tí ẹ fi máa sọ ọ́ nù. Ẹ má gbà kí wọ́n pààrọ̀ béárìn nìkan, kí wọ́n fi píìnì àti kọ́ńrọ́ọ̀dù àtijọ́ sílẹ̀. Ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ń jẹ.

Ìtúpalẹ̀, ẹ lè ṣe é nílé. Fìláíwíìlì ní ohun èlò ìfàyọ tirẹ̀, ẹ rà á tàbí kẹ́ ẹ yá a, ẹ má lu orí kíráńkì, nítorí lílù kan ṣoṣo tó láti yí píìnì kúrò ní àyè rẹ̀. Ilé ẹ́ńjìnnì náà là sí ọ̀tún àti òsì, kíráńkì á sì jáde láàárín wọn. Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn àwo kan dé ẹ̀yìn àwo kejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ìwọ̀n yẹn ni tọ́nà máa fi mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ dé.

Ní ọ̀dọ̀ tọ́nà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò ni bó ṣe gbé kíráńkì sórí préèsì. Àwo tí wọ́n fẹ́ tẹ píìnì jáde lára rẹ̀ ni irin gbọ́dọ̀ gbé, nítòsí píìnì gan-an, kì í ṣe àwo kejì. Bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló fi dúró, àwo méjèèjì ló máa tẹ̀. Préèsì tọ́ọ̀nù 20 tó fún iṣẹ́ yìí. Bí píìnì bá jáde, ẹ ní kó fi maikírómítà wọn ihò àti píìnì tuntun. Lórí píìnì tó wà ní àyíká 25 mm, ohun tó wọ́pọ̀ ni pé píìnì á tóbi ju ihò lọ ní 0.06 sí 0.10 mm. Bí ìyàtọ̀ náà bá kéré sí ìyẹn, tàbí tẹ́ ẹ bá rí ibi tó ti ha nínú ihò, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró: ẹ wá àwo mìíràn, tàbí kí ẹni tó mọṣẹ́ gan-an ṣe píìnì tó tóbi sí i. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi píìnì sínú fíríìsà kó lè súnkì. Á súnkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ooru wa dé òtútù fíríìsà, píìnì 25 mm ò ní fi ju nǹkan bí 0.016 mm kéré sí i. Ó ń ràn préèsì lọ́wọ́ díẹ̀, kò lè gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ihò ọ́ìlì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ jù lọ. Mo ti sọ pé ọ́ìlì ń gba àárín kíráńkì wọ inú píìnì. Ihò tó wà lára àwo àti èyí tó wà lára píìnì gbọ́dọ̀ dojú kọ ara wọn. Bí tọ́nà bá tẹ píìnì wọlé láì wò ó, kíráńkì náà á tọ́, á dán, á yí wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì á sì pa béárìn tuntun láàárín àkókò kúkúrú nítorí ẹ̀kán ọ́ìlì kan ò ní dé ibẹ̀. Nígbà tí píìnì bá ti wọ àwo ọ̀tún, kí wọ́n tó fi kọ́ńrọ́ọ̀dù sí i, ẹ fi sírínjì tí wọ́n fi ń gúnni fín ọ́ìlì láti etí kíráńkì. Bí ọ́ìlì bá jáde lójú píìnì, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ. Bí kò bá jáde, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín.

Àwo kejì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n á fi rúlà irin tó tọ́ lé etí àwo méjèèjì ní ojú méjì tó jìnnà sí ibi tí píìnì wà, kí wọ́n lè rí i pé etí wọn bára mu, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ síwájú. Àtúnṣe rọrùn nígbà tí píìnì ò tíì jinlẹ̀. Bó bá ti ń sún mọ́ ìwọ̀n tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, kí wọ́n fi fíìlà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ńrọ́ọ̀dù. Lórí kíráńkì kékeré báyìí, mo fẹ́ kí ààyè ẹ̀gbẹ́ náà wà láàárín 0.10 àti 0.35 mm.

Títọ́ ló kù, òun ló sì ń fi tọ́nà tó mọṣẹ́ hàn. Wọ́n á gbé kíráńkì sáàárín ẹnu léètì tàbí sórí irin oníhò méjì tó gbé e níbi béárìn, wọ́n á fi dáyà géèjì, òṣùwọ̀n olójú aago tó ń fi ìyàtọ̀ tín-ín-rín hàn, sí apá rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, wọ́n á sì máa fọwọ́ yí i. Àṣìṣe méjì ló wà. Bí géèjì kan bá ga nígbà tí èkejì lọ sílẹ̀, ní ojú tó dábùú píìnì, àwo kan ló yí díẹ̀ lórí píìnì. Òòlù bàbà tàbí òòlù òjé ni wọ́n fi ń lu etí rẹ̀ padà. Bí géèjì méjèèjì bá ga lẹ́ẹ̀kan náà, lápá píìnì tàbí lódìkejì rẹ̀, àwo méjèèjì ló fẹnu pa dé tàbí tó lanu sí ara wọn. Bó bá pa dé, wọ́n á ki igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó bọ àárín wọn là á, bó bá lanu, fáìsì á fún un pọ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni, ẹ lè rí i kí wọ́n lù ú, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n tún lù ú fún ìgbà pípẹ́. Tí géèjì bá fi 0.03 mm tàbí kó dín hàn lápá méjèèjì, mo tẹ́wọ́ gbà á. Tọ́nà tí kò bá ní dáyà géèjì, bó bá ní ojú òun tó o, ẹ gbé irin yín padà sílé.

Bẹ́ ẹ bá gbé e dé ilé, ẹ pààrọ̀ béárìn ńlá méjèèjì àti síìlì. Ẹ da gbogbo nọ́ńbà tó wà lára béárìn àtijọ́ kọ, pẹ̀lú lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé e, bíi C3, nítorí lẹ́tà yẹn ń sọ bí ààyè inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ẹ mú ilé ẹ́ńjìnnì gbóná títí omi tẹ́ ẹ bá ta sí i á fi hó lójú ẹsẹ̀, béárìn á jábọ́ sínú rẹ̀ láìlu. Ẹ fọ ìkòkò ìdọ̀tí yẹn títí irin á fi hàn, ẹ fọ asẹ́ wáyà, ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ gbogbo ojú ọ̀nà ọ́ìlì. Ẹ fi àmì jíà káàmù kojú ti kíráńkì. Ọ́ìlì tó máa gbà á sún mọ́ líítà kan. Bẹ́ ẹ bá ń fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, ẹ má lọ́ ọ̀pá náà wọlé, ẹ kàn fi sínú rẹ̀ ni. Kẹ́ ẹ tó fi púlọ́ọ̀gì sí i, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ kíkì dáadáa kí ọ́ìlì lè dé gbogbo ibi tó ń lọ.

Láti ibi tí mo jókòó sí, mi ò lè gbọ́ ohùn ẹ̀rọ yín, mi ò sì lè fọwọ́ kan ihò àwo yẹn, bẹ́ẹ̀ ihò yẹn ló máa pinnu bóyá ọ̀nà tí mo júwe yìí ṣe é tọ̀. Mi ò sì lè fi dá yín lójú pé kọ́ńrọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ máa rí rà lọ́jà á dà bí ti àkọ́kọ́. Ẹ fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí píìnì lọ́dọ̀ ọlọ́jà, ẹ yí i, ẹ wò ó bóyá ó ń há níbì kan tó sì ń dẹ̀ níbòmíràn. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà.

Fún 500 km àkọ́kọ́, ẹ má fún un níná tó pọ̀, ẹ má sì gbé ẹni méjì sẹ́yìn. Ẹ fa ọ́ìlì àkọ́kọ́ dànù bó bá ti rin nǹkan bíi 150 km, ẹ tún fi òòfà wá inú abọ́. Lẹ́búlẹ́bú dúdú díẹ̀ kì í ṣe ìṣòro, ara àwọn irin tuntun tó ń mọ ara wọn ni. Bẹ́ ẹ bá rí pẹlẹbẹ tó ń dán tí ìka gbọ́ bó ṣe mú, ẹ má gùn ún mọ́, ẹ fa sílíńdà jáde, kẹ́ ẹ tún ìdánwò tẹ́ ẹ fi ọwọ́ ṣe yẹn ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo 1,500 km, kẹ́ ẹ sì máa ṣí ìkòkò apá ọ̀tún yẹn fọ̀ lóòrèkóòrè, bí mẹkáníìkì tilẹ̀ ní kò pọn dandan.